Lávà kọ́ ló bí dáyámọ́ńdì, alábàárù ẹ̀ ni: Ohun tí géèmù ò sọ fún àwọn ọmọ wa ní Mende

Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá tó mọ géèmù Minecraft í ta dáadáa pé níbo ni wọ́n ti ń rí dáyámọ́ńdì, kò ní í ronú kó tó dá yín lóhùn. Á ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni, níbi tí lávà bá wà. Ìbáà jẹ́ ní Mende, ìbáà jẹ́ ní Kétu, ìbáà jẹ́ ní Peckham nílùú London, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́. Àwọn òbí á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Òótọ́ wà nínú ẹ̀, àṣìgbọ́ náà sì wà nínú ẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ibi tí géèmù parí ọ̀rọ̀ sí, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó fi dé orí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Gánà, àti àwọn sójà Nàìjíríà tó lọ sí Sàró tí wọn ò padà wálé mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ géèmù náà ná. Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan tó ń jẹ́ Markus Persson ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2009, wọ́n sì gbé odindi ẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2011. Nígbà tó di ọdún 2014, ilé iṣẹ́ Microsoft san bílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là láti ra ilé iṣẹ́ tó ni ín. Ẹ gbọ́ dáadáa o, dọ́là ni, kì í ṣe náírà. Lọ́dún 2023, iye tí wọ́n ti tà nínú ẹ̀ ti lé ní 300 mílíọ̀nù káàkiri àgbáyé.

Nínú géèmù yìí, igi ni ọmọ á kọ́kọ́ gé, á fi ṣe dígà. Á fi dígà wa òkúta, á wa irin, á wá fi dígà onírin wa dáyámọ́ńdì, torí pé dígà onígi ò lè wà á láéláé. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní ìpele bíi ti ilé alájà. Tẹ́lẹ̀, ìpele kọkànlá tàbí ìkejìlá láti ìsàlẹ̀ làwọn tó gbówọ́ nínú ẹ̀ máa ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni adágún lávà wà. Nígbà tó di ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn tó ni géèmù gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn sí i, ó wá jìn dé ìpele 64 lábẹ́ òdo. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò yí padà. Béèyàn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ sí i ni dáyámọ́ńdì ń pọ̀ sí i, lávà náà sì lúgọ sísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń retí ẹni tó máa ṣìṣe. Ẹni tó bá já sí i, ẹrù ọwọ́ ẹ̀ jóná nìyẹn, tòun ti dáyámọ́ńdì tó fi gbogbo ọ̀sán wá.

Báyìí làwọn ọmọ ṣe gbà pé ọmọ ìyá kan náà ni lávà àti dáyámọ́ńdì. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Wọ́n kàn jọ rìnrìn àjò ni.

Àlàyé ẹ̀ rèé. Ohun tó wà nínú èédú tí àwọn ìyá wa fi ń yan àgbàdo, òun náà ló wà nínú nǹkan dúdú àárín pẹ́ńsù, òun náà ló sì wà nínú òkúta tó ń kọ mànà lọ́rùn ìyàwó olówó. Kábọ́ọ̀nù lorúkọ ẹ̀. Lọ́dún 1772, Antoine Lavoisier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi dígí ńlá kó ìtànṣán oòrùn jọ sórí dáyámọ́ńdì, òkúta olówó iyebíye náà sì jó dànù. Lọ́dún 1797, Smithson Tennant, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé kábọ́ọ̀nù ló jẹ́ látòkè délẹ̀. Bí iná bá gbóná tó, tí atẹ́gùn sì wà níbẹ̀, dáyámọ́ńdì á jó. Ní ti èyí, géèmù ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́.

Ibi tí wọ́n ti sè é ló yà á sọ́tọ̀ sí èédú. Nǹkan bíi 150 sí 200 kìlómítà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀ ti ń dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ mọ́tò láti Maryland lọ sí Ìbàdàn, ọ̀nà yẹn ò tó 150 kìlómítà. Ká ní a gbé títì náà nàró, ká wá rì í mọ́lẹ̀ tìdítìdí, a ò tíì débẹ̀. Ooru ibẹ̀ ń lọ sí bí ẹgbẹ̀rún kan ìwọ̀n Celsius tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ìwúwo ilẹ̀ òkè ló sì ń tẹ kábọ́ọ̀nù ọ̀hún mọ́lẹ̀ tó fi le tó bó ṣe le. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní bílíọ̀nù kan ọdún, àwọn mìíràn ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta. Torí náà, àwọn tó ń sọ pé èédú inú ilẹ̀ bíi ti Enugu ló máa ń di dáyámọ́ńdì tó bá pẹ́, wọ́n ṣì í gbọ́ ni. Igi àti ewé tó jẹrà ló di èédú Enugu. Ọ̀pọ̀ dáyámọ́ńdì ti wà nílẹ̀ kí igi kankan tó hù láyé.

Báwo ló ṣe wá dé òkè? Ẹni tó bá mọ ọjà Mile 12, tí kò jìnnà sí Mende, á tètè lóye ẹ̀. Tírélà á ti òkè Ọya kó tòmátì wá, alábàárù á gbé apẹ̀rẹ̀ karí wọnú ọjà. Tírélà ò gbin tòmátì, alábàárù ò gbin tòmátì. Wọ́n kàn gbé e ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òkúta yíyọ́ kan tí wọ́n ń pè ní kimberlite ṣe jẹ́ sí dáyámọ́ńdì. Ìlú Kimberley ní South Africa ni wọ́n ti fún un lórúkọ yẹn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ya wọ ilẹ̀ lọ́dún 1871 láti wa dáyámọ́ńdì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kimberlite ti ń bọ̀, gáàsì kún inú ẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá mi ìgò mínírà kó tó ṣí i. Bó ṣe ń já bọ̀ lókè ló ń gbá dáyámọ́ńdì tó bá lọ́nà mọ́ra. Tó bá wá délẹ̀ tán, á bú gbàmù, á sì fi ihò kan sílẹ̀ tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ karosíìnì sínú ìgò.

Eré tó ń sá ló gba dáyámọ́ńdì là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta tòmátì mọ̀ pé tí tírélà bá bà jẹ́ sọ́nà fún ọjọ́ mélòó kan, omi lẹ máa bá nínú apẹ̀rẹ̀. Dáyámọ́ńdì náà ò fẹ́ ìdádúró. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ gbà pé láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ mélòó kan ni kimberlite máa ń parí ìrìn àjò yẹn. Bó bá falẹ̀, dáyámọ́ńdì á padà di nǹkan dúdú inú pẹ́ńsù. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Beni Bousera, ní Mòrókò. Òkúta tó gbé tibẹ̀ bọ̀ wá sókè ò kánjú, nígbà tó fi máa dé, ìrísí dáyámọ́ńdì nìkan ló kù, inú ẹ̀ ti di dúdú.

Ìyẹn ló fà á tí kì í fi í ṣe gbogbo lávà ló ń gbé dáyámọ́ńdì. Òkè ayọnáyèéfín tó ṣì ń bínú tó sún mọ́ wa jù ni Mount Cameroon, lápá Limbe àti Buea. Lọ́dún 1999, lávà ẹ̀ ṣàn títí tó fi dí títì lẹ́bàá abúlé Bakingili. Kò sẹ́ni tó rí dáyámọ́ńdì ṣà níbẹ̀, torí lávà náà ò gba inú ilẹ̀ tó gbó, tó sì nípọn bíi tàwọn ibi tí dáyámọ́ńdì ti ń dì. Àwa náà ní lávà àtijọ́ ní Nàìjíríà, ní Jos, ní Biu àti ní Mambilla. Sàfáyà ló gbé wá fún wa ní tiẹ̀, òkúta aláwọ̀ búlúù tó dé ẹnu àwọn oníṣòwò àgbáyé nígbà tí wọ́n ṣàwárí ẹ̀ ní Mambilla lọ́dún 2014. Ní ti kimberlite, kò sí àkọsílẹ̀ kankan pé èèyàn ti fojú ara ẹ̀ rí i níbi tó ti ń bú. Èyí tí wọ́n gbà pé kò tíì pẹ́ jù lọ ni ti òkè Igwisi ní Tanzania, nǹkan bí 12,000 ọdún ni ìyẹn náà sì ti ṣẹlẹ̀.

Ilẹ̀ Mende ńkọ́? Yanrìn àti ẹrẹ̀ tí omi gbé wá ni ilẹ̀ Èkó. Kò sí òkè ayọnáyèéfín nítòsí. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga lẹ́yìnkùlé ẹ̀, omi ló máa bá, bí orí bá sì ṣe é ire, omi náà á mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá mọ dáyámọ́ńdì tipẹ́tipẹ́ kí géèmù kankan tó dáyé, kì í sì í ṣe láti inú lávà. Lẹ́yìn tí kimberlite tàbí òkúta tó fara jọ ọ́ bá ti gbé ẹrù sọ̀, òjò àti odò ló máa ń gba iṣẹ́ alábàárù ṣe. Wọ́n á wẹ òkúta yẹn dànù, dáyámọ́ńdì tó le á sì fọ́n sínú yanrìn odò, níbi tẹ́nikẹ́ni tó bá ní ṣọ́bìrì àti asẹ́ ti lè wá a. Lọ́dún 1919, Albert Kitson, òyìnbó tó ń yẹ ilẹ̀ wò fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, rí dáyámọ́ńdì lágbègbè odò Birim ní Gánà. Ọkùnrin yìí kan náà ló rí èédú Enugu lọ́dún 1909. Ẹ wò ó bí ẹnì kan ṣe fọwọ́ ba kábọ́ọ̀nù nígbà méjì: ó rí dúdú ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì rí èyí tó ń dán ní Gánà.

Ìlú Akwatia ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ jù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ya lọ síbẹ̀, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń wà á, wọ́n ń rà á, wọ́n ń tà á, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ẹni tó ti lo ogún ọdún ńbẹ̀ di ẹni tó ń wá mọ́tò tó máa gbé e wálé. Ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá ló ṣì ń sọ ìtàn náà títí dòní.

Ti Sàró ló wá burú jù. Sierra Leone là ń wí o, ilẹ̀ tí Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́. Freetown níbẹ̀ ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther lọ lọ́dún 1822 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Nǹkan bí 150 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni kimberlite bú jáde lágbègbè Kono, níbi tí ìlú Koidu wà lónìí. Lọ́dún 1930 làwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ rí dáyámọ́ńdì àkọ́kọ́ níbẹ̀, nínú odò kékeré kan tó ń jẹ́ Gbobora. Kò ju ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn náà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kó ẹ̀tọ́ wíwa dáyámọ́ńdì gbogbo ilẹ̀ náà fún ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, Sierra Leone Selection Trust, fún ọdún 99. Bí ọmọ Kono ṣe di olè lórí ilẹ̀ bàbá ẹ̀ nìyẹn, tó bá gbé ṣọ́bìrì dání.

Òkúta ibẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ. Lọ́dún 1945, wọ́n rí ọ̀kan tó wọn 770 káráàtì nínú odò Woyie. Káráàtì márùn-ún ló ń jẹ́ gíráàmù kan. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 1972, wọ́n tún rí èyí tí wọ́n pè ní Star of Sierra Leone, 968.9 káráàtì. Ẹ gbé e lé ìwọ̀n, kò tó igba gíráàmù, èèyàn lè dì í mọ́wọ́ kó máa lọ. Bó ṣe fúyẹ́ báyìí tó sì wọ́n lówó ló jẹ́ kí àwọn olóhùn ìbọn fẹ́ràn ẹ̀.

Oṣù kẹta ọdún 1991 ni ogun bẹ̀rẹ̀ ní Sàró. Àwọn ọmọ ogun ọ̀tẹ̀ RUF, tí Foday Sankoh kó sòdí, gba Kono, wọ́n ń fi ìbọn lé tọmọdé tàgbà sínú kòtò láti wa dáyámọ́ńdì. Wọ́n ń gé ọwọ́ èèyàn bí ẹni ń gé ẹ̀ka igi. Dáyámọ́ńdì á gba Làìbéríà jáde, ìbọn á sì gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn sójà wa tó wà nínú ECOMOG lọ bá wọn pa iná náà. Wọ́n gba Freetown padà lọ́dún 1998, wọ́n tún jà níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1999 nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ìgboro. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sùn síbẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2002 ni ogun náà tó parí.

Charles Taylor, ààrẹ Làìbéríà nígbà náà, ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó ń ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ gbóná fún un lọ́dún 2003, Calabar wa níbí ló sá wá. Ó jókòó síbẹ̀ títí di oṣù kẹta ọdún 2006, kí wọ́n tó mú un lẹ́nubodè ní Borno níbi tó ti fẹ́ yọ́ kúrò nílùú. Ẹjọ́ ẹ̀ ní The Hague ló gbé arẹwà obìnrin nì, Naomi Campbell, dé iwájú adájọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2010. Obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ aṣọ olówó ńlá yìí ní lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kan tí Nelson Mandela ṣe ní South Africa lọ́dún 1997, àwọn ọkùnrin méjì kan wá kan ilẹ̀kùn òun lóru, wọ́n fún òun ní àpò kékeré kan. Òun ṣí i, òkúta tó dọ̀tí lòun bá nínú ẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n bí dáyámọ́ńdì ṣe máa ń rí nìyẹn kí wọ́n tó gé e. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, ilé ẹjọ́ ní Taylor jẹ̀bi ẹ̀sùn mọ́kànlá, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n àádọ́ta ọdún. Nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí làwọn orílẹ̀-èdè ṣe fẹnu kò lórí ètò Kimberley, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2003, pé dáyámọ́ńdì tí wọn ò tíì gé ò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè láìní ìwé ẹ̀rí.

Ogun parí, iṣẹ́ kòtò ò parí. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, àwọn awakùsà tó ń ṣiṣẹ́ fún pásítọ̀ kan, Emmanuel Momoh, rí òkúta 709 káráàtì ní abúlé Koryardu ní Kono. Pásítọ̀ náà ò gbé e gba ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé e lọ fún ìjọba, inú ààrẹ Ernest Bai Koroma sì dùn púpọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn oníbàárà sí Freetown, owó tí wọ́n dá lé e lé ní mílíọ̀nù méje dọ́là, ìjọba ní kò tó. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n tà á ní New York, 6.5 mílíọ̀nù dọ́là ni Laurence Graff rà á. Ju ìdajì owó náà lọ ló bọ́ sápò ìjọba, wọ́n ní àwọn máa fi ṣe omi, iná àti ilé ìwé. Ìyókù ni pásítọ̀ àtàwọn tó wa ilẹ̀ jọ pín.

Bẹ́ẹ̀, tiwọn ṣì sàn. Ọ̀pọ̀ tó ń wa ilẹ̀ ní Kono, onígbọ̀wọ́ ló ń fún wọn ní ṣọ́bìrì, asẹ́ àti ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ. Lọ́jọ́ tí òkúta bá jáde, onígbọ̀wọ́ ló máa dárúkọ iye tó jẹ́. Ẹni tó dúró sínú omi láti òwúrọ̀ ò mọ ohun tí wọ́n máa tà á ní Antwerp tàbí Dubai. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ.

Ìmọ̀ yìí wúlò fún àgbàlagbà náà. Bẹ́nì kan bá gbé òkúta dídán wá bá yín ní Maryland tàbí Ọ́jọ́ta, tó ní láti Sàró lòun ti kó o wá, tó ní ẹ tètè sanwó kí ẹlòmíràn má bàa rà á, ẹ má dá a lóhùn. Gbájúẹ̀ ló sábà máa ń kánjú bẹ́ẹ̀. Pé òkúta ha dígí kì í ṣe ẹ̀rí, torí quartz tó kún inú ilẹ̀ wa náà ń ha dígí. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ̀rọ ti ń ṣe dáyámọ́ńdì gidi láti ọdún 1954, owó irú ẹ̀ sì ti já wálẹ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ òkúta olówó iyebíye lẹ fẹ́ mọ̀, ọjà àwọn tó ń tà á wà ní Ọjọ́ò n'Ìbàdàn, ẹ lọ bi àwọn tó fi ṣiṣẹ́ ṣe léèrè.

Ní ti àwọn ọmọ, kò sídìí láti já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn torí ọ̀rọ̀ yìí. Géèmù ti kọ́ wọn pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni dáyámọ́ńdì wà, pé ewu wà lọ́nà ibẹ̀, ìyẹn náà dáa. Ẹ kàn bá wọn fi èyí tó kù kún un. Ẹ ní lávà ò bí dáyámọ́ńdì, ó gbé e ni. Odò náà gbé e. Ọmọ Kono tó rù ú jáde nínú kòtò náà, ó kàn gbé e ni. Nínú géèmù, ẹni tó bá wa dáyámọ́ńdì ló ni ín. Láyé tí à ń gbé yìí, alábàárù kì í sábà ní ẹrù orí ẹ̀.